Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: Ohun tójú aláta Bódìjà rí kó tó gbà kí wọ́n yọ tọ́ńsù òun

Ẹni tó bá ti ra ata gbígbẹ rí ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn mọ̀ pé èèyàn máa ń sín níbẹ̀ kó tó kí oníṣòwò. Eruku ata ló gba ibẹ̀ kan. Láàárín eruku yẹn ni obìnrin kan ti ń pe oníbàárà láti bí ọdún mẹ́tàlá, ohùn ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìsọ̀ ẹ̀ láti òkèèrè. Ọmọ ọdún 36 ni lọ́dún 2024 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló bí, iṣẹ́ bọ́kánáísà lọkọ ẹ̀ ń ṣe. Ó ní kí wọ́n má dárúkọ òun o, pé kò sóhun tí àwọn ará ọjà ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti kékeré lọ̀fun ti máa ń dùn ún, ṣùgbọ́n ìgbà tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ló di ti ẹ̀rù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí eré ni. Á jí láàárọ̀, á gbé itọ́ mì, á dà bí ẹni gbé ẹ̀gún mì. Kó tó di alẹ́, ara ti gbóná, orí ti ń fọ́, ọrùn ti wú lábẹ́ àgbọ̀n. Èémí ẹnu ẹ̀ á máa rùn débi pé ọwọ́ ló máa ń fi bo ẹnu bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bó bá ya ẹnu níwájú dígí, á rí ẹran roboto méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀fun, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n á ti pọ́n bí ata rodo, nǹkan funfun bí ọyún á sì tò sára wọn. Àwọn ẹran roboto méjèèjì yẹn ni dókítà ń pè ní tọ́ńsù. Gbogbo èèyàn ni wọ́n dá a mọ́.

Kẹ́mísì ojú títì ni dókítà obìnrin yìí. Wọ́n á kó kóró pupa-àti-yẹ́lò mélòó kan sínú ìwé fún un, á lò ó lónìí, á lò ó lọ́la, bára bá ti fúyẹ́, á ju ìyókù sínú àpótí owó. Ta ni kò ṣe é rí? Bó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn ló fa ọ̀fun dídùn yẹn, kóró yẹn ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Bó bá sì jẹ́ èyí tí oògùn apakòkòrò ń wò, oògùn yẹn ní iye ọjọ́ tí dókítà máa ń dá fún un, ẹni tó bá sì dá a dúró lọ́jọ́ kejì kò tíì lo oògùn. Aláta wa ò mọ èyí nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méje, ọ̀fun tún dé.

Ohun kan wà tó ń ṣe tó wá wúlò fún un lẹ́yìn. Ó ní ìwé kan tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Bí kò bá lè lọ sọ́jà, ọmọ ẹ̀ obìnrin àgbà ló máa ń bá a tà, ó sì máa ń kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kó lè bá ọmọ ṣírò owó. Torí náà, bí èèyàn bá ṣí ìwé gbèsè yẹn, á rí i níbẹ̀: “ọ̀fun, ọjọ́ mẹ́rin”, “ọ̀fun, ọjọ́ mẹ́fà”. Lọ́dún 2022, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kọ ọ́. Lọ́dún 2023, ẹ̀ẹ̀meje. Ó ka ọjọ́ ọjà tó bá a lọ lọ́dún 2023 nìkan, ó jẹ́ ọjọ́ 38. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ta ata láìsí ọlọ́jà.

Ìgbà tọ́rọ̀ di gbàgà ni oṣù Kejì ọdún 2024. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó lọ ra kóró ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, apá òsì ọ̀fun nìkan ló wú. Etí òsì ń ta á. Ẹnu ò ṣí mọ́, ìka kan ṣoṣo ló lè gbà. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ torí kò lè gbé e mì, tó bá sì sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni tó kó iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ọkọ ẹ̀ gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lóru, ó di ọsibítù ìjọba kan nínú ìlú. Dókítà tanná sí i lọ́fun, ó ní ọyún ti gbárajọ sẹ́yìn tọ́ńsù, ó sì ti ń ti tọ́ńsù bọ̀ láàárín. Wọ́n gún un, wọ́n fà á, ọyún jáde, wọ́n gbé omi sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé irú èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó sílé wò: ọ̀fun tó bá wú lápá kan, tí ẹnu ò ṣí, tí èèyàn ò lè gbé itọ́ mì, ọsibítù ni lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ó lè dí ọ̀nà èémí.

Nígbà tó ń lọlé, dókítà onímú, etí àti ọ̀fun bi í pé, “Mà, ẹ̀ẹ̀melòó ni irú ọ̀fun yìí ń ṣe yín lọ́dún?” Ó ní, “Ó wà nínú ìwé gbèsè mi sà.” Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó mú ìwé náà dání tó bá ń pa dà bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó mú un lọ. Dókítà kà á, ó ní nǹkan tí àwọn ń kà gan-an nìyẹn. Ẹni tí ọ̀fun bá mú ní àmúdọ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀meje lọ́dún kan, tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta, ó tó kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ yíyọ tọ́ńsù. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó fara balẹ̀. Ó ní tìẹ ti tó, ọyún tó tún gbárajọ yẹn sì lè pa dà wá. Ṣùgbọ́n kò sọ pé dandan ni. Ó ní, “Ẹ lọ rò ó nílé.”

Nílé ni wàhálà wà.

Ìyá ọkọ ẹ̀, ìyá tó ti lé láàádọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ní, “Ìyàwó mi, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run! Ẹnì kan á wá mú ọ̀bẹ bọ ibẹ̀?” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o, ìyá kan náà ló sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun pe olóólà kan tó mọ belubelu gé, pé ìṣẹ́jú kan ni, pé bí wọ́n ṣe gé ti ọkọ ẹ̀ ní kékeré nìyẹn. Ọ̀bẹ ọsibítù ló ń bà á lẹ́rù, ọ̀bẹ olóólà ò bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ belubelu yìí yẹ ní yíyẹ̀wò, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí ìjọ̀gbọ̀n. Bí Yorùbá bá ti ní belubelu ń ṣe èèyàn, a máa ń ro gbogbo ohun tó bá wú lọ́fun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí olóólà àti àwọn wánsámì ará Òkè Ọya ń gé ni ẹran tín-ínrín tó fi orí kodò láàárín gbùngbùn ẹ̀yìn ẹnu, tó rí bí ahọ́n kékeré. Ìyẹn kì í ṣe tọ́ńsù. Ẹ̀gbẹ́ ni tọ́ńsù wà, méjì sì ni. Ẹni tí tọ́ńsù ń dà láàmú tí wọ́n wá gé ahọ́n kékeré fún, bí ẹni tí táyà iwájú jò tó lọ ń lẹ táyà ẹ̀yìn ni. Ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ bọ́kánáísà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ èyí nígbà tí dókítà yàwòrán ẹ̀ sórí ìwé fún wọn. Ọ̀bẹ yẹn sì tún ní ewu tiẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti àrùn éèdì bó bá jẹ́ pé irin kan náà ni wọ́n fi gé ẹlòmíràn. Àwọn dókítà wa ti ń kọ ọ́ sínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọdé tí wọ́n gé báyìí fún tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wọn nígbà tẹ́jẹ̀ ò dá.

Ìyálọ́jà tiwọn tún ní tiẹ̀. Ó pe aláta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ohùn ẹ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi tajà?” Èyí gan-an ló dá jìnnìjìnnì sí i lára ju ikú lọ. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ohùn bá lọ, ìsọ̀ lọ nìyẹn, owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà lọ. Ó pa dà lọ bá dókítà, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má parọ́ fún mi.” Dókítà ní inú gògóńgò ni ohùn ti ń jáde, ìsàlẹ̀ ló wà, tọ́ńsù sì wà lókè, wọn ò ní fọwọ́ kan ibi tí ohùn wà. Ó ní ohùn ẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí tàtẹ̀yìnwá torí àyè máa pọ̀ sí i lọ́fun, pé bó bá jẹ́ akọrin tó fi ohùn jẹun ni, àwọn á tún jókòó sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo ata kò ní torí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ó tún bi í bóyá eruku ata ló fà á, bóyá kóun kúkú pa òwò dà sí ti ẹ̀wà. Dókítà ní eruku lè ta ọ̀fun tó ti ń dùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn ló ń fa ọyún. Kò sí ìdí láti fi ata sílẹ̀, kó máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu tó bá ń fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti bẹ̀rù pé ara á ṣófo: tọ́ńsù ń bá kòkòrò jà nígbà ọmọdé, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan, ara ní ọmọ ogun mìíràn.

Kí àwọn tó ń pariwo pé kí gbogbo èèyàn lọ yọ ọ́ má yọ̀ jù o. Ó ní ìgbà kan tí wọ́n ń yọ tọ́ńsù ọmọdé nílùú òyìnbó bí ẹni ń já ewé. Lọ́dún 1938, dókítà kan ní England tó ń jẹ́ Glover fi hàn pé iye ọmọ tí wọ́n ń yọ ọ́ fún ládùúgbò kan lè jìnnà réré sí ti àdúgbò kejì, kò sì sí àìsàn tó ṣàlàyé ẹ̀, ó wà lọ́wọ́ dókítà tí wọ́n bá bá pàdé. Nígbà tó yá, wọ́n wá dín in kù. Ti àgbàlagbà náà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2023, ìwé àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Bìrìtéènì. Àgbàlagbà 453 ní ọsibítù 27 ni, gbogbo wọn lọ̀fun ń yọ lẹ́nu. Wọ́n tètè yọ tọ́ńsù àwọn kan, wọ́n ní káwọn yòókù máa wò ó ná. Láàárín ọdún méjì, ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún ní ọjọ́ 23 tí ọ̀fun fi dùn ún, ti ìhà kejì jẹ́ ọjọ́ 30. Ẹni tí kò tajà á ní, torí ọjọ́ méje? Ẹ bi aláta léèrè iye tí ọjọ́ ọjà méje jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún yẹn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ lára ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Apá méjèèjì ni kéèyàn gbé sórí òṣùwọ̀n.

Owó ló wá kù. Àjọ tó ń dá, òun ló máa kó o lẹ́yìn Iléyá, àpò ata ló sì ti fọkàn sí pé òun máa fi rà á. Òun àtọkọ ẹ̀ jókòó ṣírò. Ọjọ́ 38 lọ́dún kan, owó kẹ́mísì, owó ọsibítù oṣù Kejì, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jọ, ó ju owó iṣẹ́ abẹ lọ. Ọkọ ẹ̀ ní, “Ìyá àwọn ọmọ mi, gba owó yẹn, ká lọ.” Ìyá ọkọ ò sọ nǹkan kan mọ́, ààwẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà.

Oṣù Keje ni wọ́n ṣe é. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ó pé, wọ́n yẹ jínótáìpù ẹ̀ wò, ọkọ ẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bóyá wọ́n á nílò ẹ̀. Wọ́n bi í bóyá eegbò tètè máa ń dá ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, bóyá ó ń lo oògùn kankan, àgbo pẹ̀lú. Wọ́n ní kó má jẹun láti òru. Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n fún un, ẹnu ni wọ́n gbà wọlé, kò sí ibi tí wọ́n gé lọ́rùn rárá. Kò pé wákàtí kan. Ó jí, ó ní ó dà bí ìgbà tóun gbé okúta gbígbóná mì.

Àwọn tó ti rí ọmọdé tí wọ́n ṣe é fún máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́rin, ó ti ń sáré kiri. Ti àgbà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má tan ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni, ìrora ẹ̀ kì í sì í dín kù lójoojúmọ́ bí ti egbò ọwọ́. Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, ó rò pé òun ti bọ́. Ọjọ́ kẹta ló dé gan-an. Ìrora náà gba etí méjèèjì bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ó sì rò pé àìsàn etí tún ti wọlé. Nọ́ọ̀sì ní rárá, iṣan kan náà ló lọ sí ibi méjèèjì. Ó wo dígí, ó rí i pé ibi tí tọ́ńsù wà tẹ́lẹ̀ ti di funfun ràkọ̀rakọ, ó ń rùn, ó ní ó ti jẹrà. Kò jẹrà. Èèpá egbò ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀fun tó tutù, àfi tí ibà bá ń pọ̀ sí i ni kéèyàn lọ fi han dókítà.

Ohun tó fìyà jẹ ẹ́ jù ni pé kò fẹ́ gbé nǹkan mì. Odindi ọjọ́ kan àtààbọ̀ kò jẹun, omi díẹ̀díẹ̀ ló ń fi tọ́ ẹnu wò, ìrora náà sì ń le sí i, torí ọ̀fun tó gbẹ ń fà ni. Nọ́ọ̀sì bá a wí lórí fóònù bí ọmọdé. Ó ní kó máa lo oògùn ìrora lásìkò, kó má dúró dìgbà tó bá dùn ún, ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ẹ̀ kó jẹun, kó sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ọmọ ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé piọ́ wọ́tà sínú fírísà, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ìyá ẹ̀ ń lá a. Lẹ́yìn náà ni ògì tó ti tutù, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, àmàlà lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ewédú. Ewédú yẹn ló gbà á là, ó ń yọ̀ lọ ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ata níbẹ̀. Aláta tó fi ọdún mẹ́tàlá ta ata, tó jókòó ti ọbẹ̀ aláìláta! Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an lòun mọ̀ pé ara òun ò yá.

Lọ́jọ́ keje ni ìyá ọkọ ẹ̀, tí àánú ẹ̀ ti ń ṣe, bu oògùn ẹ̀fọ́rí oníyẹ̀fun fún un, irú èyí tí gbogbo ọjà ń lò. Àánú ló fi ṣe é. Ásípírìn ló wà nínú ẹ̀, ásípírìn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ọjọ́ kẹjọ kì í sì í ṣe ọjọ́ tó dáa fún irú ẹ̀, torí láàárín nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni èèpá egbò máa ń ṣí, ìgbà yẹn sì ni ẹ̀jẹ̀ tó bá máa yọ sábà máa ń yọ. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ó jí, ẹnu ẹ̀ kún, ó tutọ́ sínú abọ́: ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń bọ̀ léraléra.

Ìyá ní kí wọ́n wá iyọ̀ sí i. Aládùúgbò ní àgbo. Ọkọ ẹ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, dókítà ti sọ fún un kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù pé bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ti ju ìtutọ́ kan lọ, kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ó gbé e jókòó, ó ní kó tẹrí síwájú, kó máa tu ú síta, kó má gbé e mì, ó di ọ̀nà. Wọ́n fi ẹnu ẹ̀ ṣan omi tútù, wọ́n gbé omi sí i lára, ẹ̀jẹ̀ dá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọn ò tiẹ̀ tún un ṣe ní tíátà, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n ní kó má tún fẹnu kan ìyẹ̀fun yẹn. Bó bá ti jẹ́ pé wọ́n jókòó nílé tí wọ́n ń wá iyọ̀ ńkọ́?

Ìyá ọkọ sunkún. Ìyàwó kọ ọ́ sórí ìwé fún un, torí kò tíì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀: “Màámi, ẹ má sunkún mọ́, ẹ ò mọ̀ ni.” Ọmọ ló kà á fún un.

Ọjọ́ kejìlá ló jẹ búrẹ́dì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló pa dà sọ́jà, wọ́n ò jẹ́ kó gbé àpò. Ìyálọ́jà ní kó sọ̀rọ̀ kóun gbọ́. Ó pariwo ata lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìsọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní ohùn òun tinrin díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn yòókù ní irọ́ ni. Ọkọ ẹ̀ ní ohun tóun rí ni pé kò hanrun lóru mọ́.

Láti ìgbà náà títí di oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀fun dùn ún, méjèèjì pẹ̀lú ọ̀fìnkìn ni, torí yíyọ tọ́ńsù kò ní kí ọ̀fìnkìn má mú èèyàn. Ọjọ́ ọjà méjì ló bá a lọ. Àpò ata tó pàdánù, àjọ ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi rà á.

Àbúrò ọkọ ẹ̀ tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá rí gbogbo èyí, ó ní òun náà máa lọ yọ tòun, pé ọ̀fun máa ń dun òun lásìkò ọyẹ́. Aláta mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Dókítà bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì. Dókítà ní kó máa lọ ránṣọ ẹ̀.